Mọ́tò Tó Ń Ṣàìsàn Lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì

Wáyà kì í dédé já. Bí eku ló jẹ ẹ́, ojú eyín á hàn lára rẹ̀. Bí iná ló jó o, á dúdú, á sì máa rùn. Bí irin ló ń ha á lójoojúmọ́ títí tó fi gbó, etí rẹ̀ á rí wúruwùru bí etí àkísà. Ṣùgbọ́n wáyà tó wà lọ́wọ́ Inspẹ́kítọ̀ Lateefah Oyèdèjì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, lẹ́yìn àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìkòròdú, kò ní ojú eyín, kò dúdú, etí rẹ̀ kò sì gbó. Ẹnìkan ló gé e.

Inú búùtù mọ́tò pupa àtijọ́ kan ló kúnlẹ̀ sí. Ẹ̀yìn mọ́tò náà ti wọnú, iná ẹ̀yìn apá òsì ti fọ́ yángá. Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mọ́tò yìí ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé oríta Ìmọ́tà, ewúrẹ́ kan sáré já títì, awakọ̀ sì tẹ bíréèkì. Ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Dùnsìn wà lẹ́yìn. Dùnsìn ò rí iná pupa kankan níwájú rẹ̀ títí òun àti ọ̀kadà rẹ̀ fi kọlu ẹ̀yìn mọ́tò náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti wà ní ọsibítù, kò mọ ẹni tó wọlé, kò mọ ẹni tó jáde.

"Màdáámù, kí lẹ tún ń wá níbẹ̀?" Sájẹ́ǹtì Àbúdù tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ bèèrè. "Rìwáyà yẹn ni. A ti tì í mọ́lé."

Rìwáyà tó ń sọ ni Ùsámà, ọkùnrin tó máa ń tún iná mọ́tò náà ṣe. Ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn kò sí ní Nàìjíríà rárá. Mobọ́lájí ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Ìbíjọkẹ́ tó ni mọ́tò bí. Òkè òkun ló ti pe ọ̀gá àgọ́ lórí fóònù. Ó ní láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí iná mọ́tò ìyá òun kì í bàjẹ́. Ó ní Ùsámà ló ń gé wáyà kó lè máa ríṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀gá létí. Bí Dùnsìn bá sì kú, ẹjọ́ ìpànìyàn ni Ùsámà máa jẹ́.

Lateefah kò kúrò nínú búùtù náà. Inú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Ìwó ló ti kọ́ iṣẹ́ iná mọ́tò kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Bàbá náà máa ń sọ pé iná mọ́tò dà bí omi odò. Bí kò bá dé ìsàlẹ̀, má ṣe dúró sí ìsàlẹ̀ kí o máa sunkún. Lọ sí orísun, kí o máa tẹ̀lé e bọ̀ títí wàá fi débi tó ti sọnù. Ohun tó ti ń ṣe láti òwúrọ̀ nìyẹn. Ó mú tẹ́sítà, gílóòbù kékeré tí wọ́n fi ń wá iná, ó fi ìrù rẹ̀ há irin mọ́tò, ó fi ẹnu rẹ̀ kan fúùsì iná bíréèkì: tẹ́sítà tàn. Ó ní kí Àbúdù tẹ bíréèkì, ó kan súìṣì tó wà lókè ibẹ̀: tẹ́sítà tàn. Ó wá sẹ́yìn, ó kan ìdí gílóòbù apá ọ̀tún tí kò fọ́: òkùnkùn. Ó yọ gílóòbù náà, ó so ó mọ́ bátìrì tààrà: ó mọ́lẹ̀ kedere.

"Orí yè, ẹsẹ̀ yè," ó ti sọ nígbà náà. "Àárín ló kú."

Bó ṣe ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè nìyẹn tó rí ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Ṣùgbọ́n gígé náà kọ́ ló yà á lẹ́nu jù. Ẹni tó gé wáyà ti fi òwú funfun wé ẹnu rẹ̀ yípo yípo, ó sì ta á ní kókó dáadáa.

"Àbúdù, wá wo èyí."

"Òwú ni."

"Kí ló wà fún?"

"Mi ò mọ̀ o, Màdáámù."

"Bí ẹnu wáyà bá ṣí sílẹ̀, tó bá lọ kan irin nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, fúùsì á jó. Iná tiẹ̀ lè ràn mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni yìí gé wáyà tán, ó wá ń dáàbò bo mọ́tò. Ṣé o ti rí ẹni tó fẹ́ jólé rí, tó kọ́kọ́ pọn omi sílẹ̀?"

Àbúdù họ orí. "Bóyá bí ọwọ́ rìwáyà ṣe mọ́ ni."

"Mú un wá. Mú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú."

* * *

Sìmẹ́ńtì tí Ùsámà ti ń sùn lé láti ọjọ́ Àìkú ti mú kí ọrùn rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Lateefah na páláyà tó wà nínú àpò irinṣẹ́ ọkùnrin náà sí i, pẹ̀lú wáyà kékeré kan.

"Gé e."

Ó gé e. Lateefah gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Páláyà ti fún wáyà náà láti apá méjèèjì, ẹnu rẹ̀ sì pẹlẹbẹ bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Ẹnu ti inú mọ́tò gún régé, ó gé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ibi tí wọ́n ti fún un.

"Ó lè ní nǹkan mìíràn tó fi gé e," ni Àbúdù sọ lẹ́bàá ògiri.

"Ó lè ní. Ùsámà, kí ni àwọn nǹkan tó ti bàjẹ́ nínú mọ́tò yẹn?"

"Họ́ọ̀nù, Màdáámù. Rédíò. Iná òkè orí. Wáípà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí, iná búùtù ni."

"Bíréèkì ńkọ́?"

"Láéláé! Èyí tó léwu ò bàjẹ́ rí."

"Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń pè ọ́?"

"Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Màmá á ní láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ti ń ṣàìsàn."

"Níbo lo sì ti máa ń rí ibi tó já?"

Ó ronú díẹ̀. "Ibi tó hàn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn àpótí iwájú. Kò sí ìgbà kan tí mo dojú bolẹ̀ wọ abẹ́ mọ́tò. Èmi gan-an máa ń rò ó pé kí ló dé tí àìsàn yìí rọrùn láti rí tó báyìí."

"Òwú máa ń wà lẹ́nu rẹ̀?"

Ojú Ùsámà là. "Ó máa ń wà! Mo rò pé rìwáyà mìíràn ló ti fọwọ́ kàn án ṣáájú mi ni. Mo tilẹ̀ sọ fún Màmá pé bóyá kí wọ́n lọ gbàdúrà sí mọ́tò yẹn. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín."

"Tí o bá tún un ṣe tán, o máa ń lọ?"

"Wọn ò ní jẹ́ kí n lọ. Mo gbọ́dọ̀ jẹun. Wọ́n á bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú tí mo bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n á máa bi mí pé wáyà wo nìyí, èyí ńkọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n á ti kí ìrun Ásárì ní mọ́sáláṣí kí n tó kúrò níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Màdáámù, ìyá mi ti kú. Mi ò lè ṣe ibi sí ìyá yẹn."

Lateefah ní kí wọ́n dá a padà sí àtìmọ́lé, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún un ní ẹní.

* * *

Israel ló wa mọ́tò náà lọ́jọ́ ìjàǹbá. Ó ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé Màmá Ìbíjọkẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì ní Ìmọ́tà. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Màmá ló rán òun lọ sí Ẹ̀pẹ́.

"Màmá sọ fún wa pé àwọn ò mọ̀ pé mọ́tò jáde," ni Lateefah wí bó ṣe jókòó. "Ta ló ń purọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Òógùn bo Israel lójú. Àbúdù fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ wọn bí ẹni tó rí ẹran ìgbẹ́.

"Èmi ni," Israel sọ. "Mo mọ ibi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Mo fẹ́ rí ọmọ náà. Mo ní kí n lọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí n dé kí Màmá tó jí."

"O gé wáyà?"

"Kí n gé e tán, kí n tún fi ẹ̀mí ara mi wa mọ́tò náà?"

Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó máa gé iná bíréèkì mọ́tò tán tó máa tún gbé e lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lateefah fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì kù tó fẹ́ mọ̀.

"Kí ló fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ pé Màmá ò ní wá mọ́tò náà tí o bá pẹ́ díẹ̀?"

"Wọ́n ń retí àlejò, ilé ìdáná ni wọ́n máa wà láàárọ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti rẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n ní Ùsámà ń bọ̀ lọ́la, ó fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Etí mi báyìí."

"Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ pé mọ́tò bàjẹ́?"

Àbúdù tó ti ń sún mọ́ wọn dúró gbagidi.

* * *

Lateefah ò gba ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Gáréèjì lọ sí ọ̀nà Èbúté. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pe èrò, àwọn obìnrin ń gbé ẹja kọjá, gbogbo ènìyàn ló ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá sí Ìkòròdú, kò sí ẹni tó ń pe fóònù rẹ̀ bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Yàrá tó háyà wà lẹ́yìn ilé kan tí onílé rẹ̀ ń gbé ní Ìbàdàn. Ìlàjì búrẹ́dì ló máa ń rà ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, kì í ra odindi rí. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé odindi yóò bu. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà yìí, bó ṣe ń ro òwú funfun yẹn, ó gbà fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe nítorí pé búrẹ́dì máa bu. Bó bá ra odindi, kò ní í sí ìdí tó fi máa padà lọ kí obìnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́jọ́ kejì.

Ó dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúdù ti ń wá ẹni tó kórìíra Màmá. Òun náà ti ń wá a. Kò sí ẹni bẹ́ẹ̀.

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kékeré ni ilé náà, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Èkó. Kó tó kanlẹ̀kùn tán, ilẹ̀kùn ti ṣí. Màmá Ìbíjọkẹ́ wé gèlè, ó lé tìróò, bí ẹni tó fẹ́ jáde. Ojú rẹ̀ dán nígbà tó rí ènìyàn.

"Wọlé, ọmọ mi. Jókòó. Kí ni wàá jẹ?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá."

"Ìyọnu wo? Omi ńkọ́?"

Màmá wọ ilé ìdáná lọ. Lateefah wo yàrá náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé, òwú funfun wà lórí rẹ̀, àlùmọ́gàjí ńlá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àga mẹ́fà ló yí tábìlì ká. Márùn-ún nínú wọn ni wọ́n fi ọ̀rá bò, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ́n.

Nígbà tí Màmá gbé omi dé, Lateefah fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, wáyà wo lẹ rò pé ẹ gé?"

Màmá wo àlùmọ́gàjí tó wà lójú fèrèsé.

"Iná búùtù," ó wí.

"Pupa méjì ló wà níbẹ̀, Màmá. Ọ̀kan ni ti búùtù. Èkejì ni ti bíréèkì."

Màmá jókòó wọ̀ọ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn. "Èyí tí Ùsámà so lọ́jọ́ yẹn ni mo rò pé mo gé. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Mo wé e dáadáa. Mo wé e kó má baà ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan." Ó di ẹnu mú. "Ọmọ ọlọ́mọ yẹn, ṣé ó ti kú?"

"Kò tíì kú."

"Mo wọṣọ lánàá pé kí n wá bá yín. Mo wọṣọ lónìí náà. Tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi á kọ̀. Mobọ́lájí ti sọ pé bí n kò bá lè tọ́jú ara mi mọ́, òun á ti ilé yìí pa, òun á mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀rù bà mí. Mo jẹ́ kí Ùsámà sùn ní àtìmọ́lé nítorí ẹ̀rù."

"Kí ló dé tí ẹ ò kàn pe Ùsámà pé kó wá kí yín?"

"Èèyàn máa ń wá síbi tí nǹkan ti bàjẹ́, ọmọ mi. Ta ló ń wá síbi tí kò sóhun tó ṣẹlẹ̀? Mobọ́lájí máa ń pè mí. Á bèèrè ẹ̀jẹ̀ ríru, á bèèrè oògùn. Tí mo bá ti ní ara mi le, á ní ọpẹ́ o, á sì gé fóònù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí họ́ọ̀nù yẹn bàjẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Ùsámà wá, ó jókòó sórí àga yẹn, ó jẹun, ó ń sọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tó lọ, mo gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń mí nínú ilé yìí. Mi ò gbọ́ ọ rí ṣáájú ọjọ́ yẹn."

Lateefah ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó dìde. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, Màmá. Màá di yín lọ́wọ́ mú."

* * *

Ní àgọ́, iwájú Ùsámà ni Màmá ti fẹ́ sọ ọ́, kò gbà kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Àbúdù yára gbé e dìde.

"Ẹ̀yin ni, Màmá?" ni Ùsámà bèèrè. "Gbogbo ìgbà yẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ sì gbọ́ pé wọ́n mú mi?"

"Mo gbọ́."

Wọ́n dá Ùsámà sílẹ̀, ó gba àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lórí káńtà. Ó jáde, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Lateefah pe Mobọ́lájí. Ohùn rẹ̀ dún kíákíá, bí ohùn ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. "Ọkùnrin yẹn ti jẹ́wọ́?"

"Kì í ṣe òun, sà. Màmá yín ni."

"Ṣé orí wọn ò pé mọ́ ni?"

"Orí wọn pé, sà. Ilé wọn ni ò pé."

Mobọ́lájí ní òun máa pè é padà.

Ọ̀gá àgọ́ gbà kí wọ́n fún Màmá ní béèlì nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó máa ṣe onídùúró fún un. Àbúdù mú bírò. "Ta ni ká pè, Màmá?"

Màmá ronú. Ó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó rántí pé ó ti kú. Ó dárúkọ ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní àwọn yẹn ti kó lọ sí Ọ̀tà. Ó dárúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀. Àbúdù pè é, fóònù náà ò lọ. Ti Israel náà, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá ò dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Àwọn tó ń bọ̀ wá fẹjọ́ sùn ń wọlé, wọ́n ń jáde.

Ọ̀sán ti ń rọlẹ̀ nígbà tí ọsibítù pè. Dùnsìn ti lajú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti dá, yóò pẹ́ kó tó tún gun ọ̀kadà, ṣùgbọ́n ó ti bèèrè omi, ó sì ti bú dókítà. Lateefah lọ sọ fún Màmá. Màmá fi gèlè nu ojú. "Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́. Bó bá fẹ́ nà mí, kó nà mí."

Ìgbà tí Àbúdù ti ń sọ pé bóyá kí wọ́n wá ibi tí Màmá máa sùn sí ni Ùsámà wọlé. Ó ti wẹ̀, ó ti pààrọ̀ aṣọ.

"Wọ́n ní ẹ ń wá onídùúró."

Àbúdù wò ó. "Ìwọ kẹ̀?"

"Mo ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mọ ilé mi, ẹ̀yin lẹ wá fi ilẹ̀kùn rẹ̀ gbá mi jí."

Ó tọwọ́ bọ̀wé níbi tí wọ́n fi hàn án. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Màmá, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Inú ṣì ń bí mi, Màmá."

"Ó yẹ kó bí ọ."

"Mi ò ní fọwọ́ kan mọ́tò yẹn mọ́ láéláé."

"Mo gbọ́."

"Bí ẹ bá fẹ́ rí mi, ẹ pè mí, kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rí mi. Ìgbà mìíràn mi ò ní ráyè. Màá sọ fún yín pé mi ò ráyè. Ṣùgbọ́n ẹ má gé nǹkan kan mọ́."

Màmá mi orí. Ùsámà ṣáájú, Màmá tẹ̀lé e. Ọ̀dọ́kùnrin náà ò dì í lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹnu géètì, ó dúró, ó kọ̀yìn sí i, ó ń dúró dè é títí ó fi bá a.

Lateefah padà sínú ọ́fíìsì. Àbúdù ti lọ sílé. Lateefah mú fóònù rẹ̀, ó wo orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìwó, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e, ó pè é.

"Lateefah? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú."

"Ara rẹ ò yá?"

"Ara mi yá. Mo kàn pè yín ni."

Lateefah ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé àti ti abọ́ níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí àga kan ń wọ́ nílẹ̀.

"Dúró ná," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "jẹ́ kí n jókòó."